Àbọ̀ ọ̀rọ̀ "No space left on device": ó ti yanjú o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú àdúrótì. Sáfà (server) mi tí mo ní kí ẹ bá mi wò, tó ń pariwo "No space left on device" (pé àyè ti tán) nígbà tí df -h, àṣẹ tó ń fi àyè dísìkì hàn, ń sọ pé ìdajì dísìkì ṣì ṣófo, ara ẹ̀ ti yá. Ẹni tó ní kí n rọ́ọ̀nù df -i ló mú un, IUse% (ìdá inode tó ti lò) ti kan 100%! Inode ni àkọsílẹ̀ tó ń tọ́jú ìròyìn fáìlì kọ̀ọ̀kan. Àyè wà lóòótọ́, inode ló tán, torí fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ inode tiẹ̀ bó ti wù kó kéré tó, ext4 (ètò fáìlì tó wà lórí dísìkì mi) sì ti pín iye inode tó máa ní látìgbà tí wọ́n ti fi mkfs (àṣẹ tó ń fọ́ọ̀mátì dísìkì) ṣe é.

du --inodes -x / | sort -n | tail (àṣẹ tó ń ka inode inú fódà kọ̀ọ̀kan) ló gbé mi dé fódà session PHP kan (ibi tí PHP ń kó fáìlì ìbẹ̀wò àwọn aṣàmúlò sí), fáìlì wẹ́wẹ́ bo ibẹ̀ bí eṣú. ls kàn ń wò mí ni, rm * ní "Argument list too long". Èyí ló ṣiṣẹ́, ó ń pa fáìlì tó ti ju ọjọ́ kan lọ rẹ́:

find . -type f -mmin +1440 -delete

Ẹ rọra o, ẹ̀yìn pátápátá ni kí -delete wà, tẹ́ ẹ bá fi síwájú, gbogbo ẹ̀ ló máa kó lọ.

Ẹni tó ní kí n pa lọ́ọ̀gì rẹ́, ẹ ṣé, àmọ́ lọ́ọ̀gì kàn tóbi ni, kò pọ̀ níye. Ẹni tó ní kí n fọ́ọ̀mátì gbogbo ẹ̀ ńkọ́, Ọlọ́run á dárí jì yín 😂

Mo ti fi àṣẹ náà sí cron (ètò tó ń rọ́ọ̀nù àṣẹ ní àkókò tí a bá yàn) kó máa gbá a lóròòru. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.