Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dín ẹyin tó máa ń wú, tó sì máa ń rọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, eyín wọn ò lágbára mọ́, ẹyin díndín tó rọ̀ bí òwú ni wọ́n sì fẹ́ràn láti fi jẹ búrẹ́dì. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa fún wọn.

Ẹyin 3 ni mo máa ń fọ́, tí máa fi fọ́ọ̀kì lù títí á fi hó. Máa wá da iyọ̀, àlùbọ́sà, ata rodo àti tòmátì tútù sí i. Tó bá kan òróró gbígbóná, á wú sókè. Bí mo bá ti gbé e kalẹ̀ báyìí, á rọ̀ wálẹ̀ pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ á le bí awọ, omi á sì máa sun lábẹ́ rẹ̀. Mo fura sí tòmátì yẹn. Ṣé kí n kọ́kọ́ dín in gbẹ ni?

Aládùúgbò mi kan ní kí n ya funfun ẹyin sọ́tọ̀, kí n lù ú títí á fi dúró, kí pupa rẹ̀ má kán sí i rárá. Mo gbìyànjú ẹ̀ lánàá pẹ̀lú ẹyin tí mo rà ní Kútọ̀, ó sì dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ro pupa mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ tún di omi. Báwo lẹ ṣe ń pò wọ́n pọ̀? Ṣé iná kékeré ni, kí n sì dé e?