Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: alákàn tí mo fẹ́ fi ṣe tẹ́dì ti di wàhálà sí mi lọ́rùn

Ìyá Ṣọ́rí:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé mo ní alákàn inú àwòrán kan tó ń jẹ́ Ṣọ́rí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbé àwòrán rẹ̀ síta pẹ̀lú ìtàn kékeré. Ṣọ́rí lọ sọ́jà Òlúwo. Ṣọ́rí bá ẹja àrọ̀ jà. Ṣọ́rí dé fìlà lọ síbi ọdún Káyòkáyò. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àwọn ìyá wọn ló sì ní kí n fi ṣe tẹ́dì, ọmọláńgidi aláṣọ, kì í ṣe èmi ni mo dá a lábàá. Mo fẹ́ gbé e sórí Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti ń dá owó jọ fún iṣẹ́ tuntun, àṣé wọn ò gbà kí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà dá owó jọ níbẹ̀. Ni mo bá ní kí àwọn tó bá fẹ́ máa san ₦12,000 sínú akáǹtì mi kí n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Télọ̀ tí mo gbé e fún, èmi àti Ọlọ́run ló mọ ohun tó fojú mi rí. Ó ní òun ti rán tẹ́dì rí. Irọ́ ni! Ọwọ́ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ, ara rẹ̀ rí bíi búrẹ́dì tómi wọ̀. Mo ra fáíbà, òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, fún un, fóòmù gígé ló kì sínú rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ṣé alákàn ò rí wúruwùru tẹ́lẹ̀ ni. Òjò pa mí lọ, ó pa mí bọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fún mi ní àga jókòó. Mo gbé sáńpù, ẹyọ kan tó rán fi ṣe àpẹẹrẹ, délé, ọmọ aládùúgbò gbá a mú, ojú kan já bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní báyìí àwọn tó sanwó ti ń pè mí ní olè, nítorí mo ti ní kí Káyòkáyò tó dé ni wọn á rí i gbà. Ṣé kí n fi ọlọ́pàá mú télọ̀ yìí, àbí kí n wá ẹlòmíràn?

Aránṣọ Ìtòikin:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Kí lẹ gbé fún un gan-an? Pátánnì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni àbí àwòrán lásán?

Ìyá Ṣọ́rí:
Àwòrán ni. Ó hàn kedere, àwọ̀ rẹ̀ sì pé.

Aránṣọ Ìtòikin:
Ibẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ò ní ẹ̀yìn, àǹtí. Ńṣe ni télọ̀ méfò ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ní láti ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti òkè, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn la tó lè gé pátánnì sórí páálí, ká fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú rán an wò, ká tó fọwọ́ kan aṣọ onírun. Aṣọ onírun ní ibi tí irun rẹ̀ ń dà sí. Tí ẹ bá gé ọwọ́ kan kọjú sókè, tí ìkejì kọjú sísàlẹ̀, ẹ máa rò pé aṣọ méjì ni. Inú síta la ń rán an, a ó fi àyè sílẹ̀ láti kì í, a ó wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé.

Alákàn wá tún le jù. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ méjì, abala aṣọ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: abala 20 nìyẹn, a ò tíì kan ara. Bó bá jẹ́ èmi, aṣọ pẹlẹbẹ ni màá fi ṣe ẹsẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nìkan ni màá kì ní fáíbà.

Ìyá Ṣọ́rí:
Ẹsẹ̀ Ṣọ́rí ò lè pẹlẹbẹ. Àwọn ọmọ á mọ̀.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ rántí pé inú àwòrán ni tẹ́dì fúnra rẹ̀ ti jáde. Ní 1902, Clifford Berryman ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Washington Post, nípa bí Ààrẹ Theodore Roosevelt ṣe kọ̀ láti yìnbọn pa béárì kan tí wọ́n ti so mọ́gi. Morris Michtom tó ń ta súìtì ní Brooklyn àti ìyàwó rẹ̀ rí i, wọ́n fi aṣọ rán béárì, wọ́n sì fi orúkọ ìnagijẹ ààrẹ, Teddy, pè é. Nígbà tiwa, òwú igi àràbà la fi ń kún ìrọ̀rí, kò sí fáíbà kankan. Ìyá mi àgbà a máa

Bàbá Tíṣà:
Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi àgbà a máa ṣa á fúnra wọn.

Ìyá Ìbejì Agbówà:
Tíṣà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ 😂

Èmi, ojú tó já yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kẹ́hìndé mi gbé bọ́tìnnì mì rí, ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú. Ìyá Ṣọ́rí, bí ọmọ yẹn bá ti fi ojú ọ̀hún sẹ́nu ńkọ́? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára nǹkan ìṣeré pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ẹ fi mónógíráàmù, ìyẹn òwú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rán sára aṣọ, ya ojú sí i lára, ẹ má fi ike ṣe é rárá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kọ́ nìyí.

Mo Sanwó Tèmi:
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ti wá já. Kí ló kù tó fẹ́ fi ṣọ́ owó wa? Èmi náà san ₦12,000 o.

Ìyá Ṣọ́rí:
Ẹ̀yin náà wà níbí! Mo ti ní kí ẹ ní sùúrù.

Ọmọ Ọjà:
Ẹ fi télọ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí China. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba.

Aránṣọ Ìtòikin:
China tí wọ́n á ní kí ẹ gba tẹ́dì 500 ó kéré tán? Owó sáńpù lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi lọ́tọ̀. Fáíbà ò wúwo lóòótọ́, àmọ́ àyè tó ń gbà nínú ọkọ̀ ni ẹ máa sanwó rẹ̀. Àwa tó wà ńlé ńkọ́?

Ọmọ Ọjà:
Ṣebí ẹ̀yin náà ń wá iṣẹ́ ni. Kẹ́ ẹ sì tún gbọ́, àǹtí, owó tí ẹ gbà yẹn lòdì sófin. SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, ti ṣòfin owó dídá jọ láti 2021.

Lọ́yà Àdúgbò:
Má dẹ́rù bà wọ́n. Òfin ti 2021 yẹn wà fún ẹni tó ń dáwó torí kó lè ní ìpín tàbí èrè nínú iléeṣẹ́. Ẹni tó sanwó kí wọ́n fún un ní tẹ́dì, oníbàárà ni. Gbèsè nìyẹn: kí ẹ fún un lọ́jà tàbí kí ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ìyá Ṣọ́rí, kí lẹ ṣèlérí fún wọn gan-an? Èèyàn mélòó ni? Èló ló sì kù lọ́wọ́ yín?

Ìyá Ṣọ́rí:
Tẹ́dì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí èrè kankan. Wọ́n lé díẹ̀ ní 100.

Lọ́yà Àdúgbò:
Ẹ ò dáhùn ìkẹta. Ó dáa. Ta ló ya Ṣọ́rí?

Mo Sanwó Tèmi:
Ẹ ṣeun, Lọ́yà! Ohun tí mo ń retí kí wọ́n sọ nìyẹn. Kì í ṣe torí ojú tó já la ṣe ń pariwo. Ẹnì kan ló wá kọ ọ́ sábẹ́ pósítì wọn pé òun lòun ya alákàn, pé wọn ò bi òun kí wọ́n tó máa gbowó lé e lórí. Wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Ìyá Ṣọ́rí:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ilé mi ló gbé kó tó lọ sí Ìbàdàn. Èmi ni mo bọ́ ọ, èmi ni mo ra fóònù tó fi ń yàwòrán. Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé fi fìlà sí i, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Òun kàn fọwọ́ yà á ni. Ìtàn, èmi. Orúkọ, èmi. Mo sì máa ń fún un lówó dátà.

Ìyá Ìbejì Agbówà:
Háà! Ẹ wá jẹ́ ká máa bú télọ̀ láti àárọ̀.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ rọra. Ọmọ tí èèyàn tọ́, tó bá yàwòrán nílé ẹni, ṣé ó yẹ kó bá ẹni du alákàn? Ní àsìkò tiwa ọmọ ò jẹ́ dán an wò.

Ìyá Ìbejì Agbówà:
Tíṣà, ṣé torí pé wọ́n fún un ní ẹ̀bà ni wọ́n á ṣe gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?

Lọ́yà Àdúgbò:
Ẹ̀bà kọ́ lòfin ń wò. Òfin Copyright ti 2022, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ tó ṣe, sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni í, àní bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ sanwó fún un, àyàfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn tí ẹ kọ, ti yín ni. Àwòrán, tirẹ̀ ni. Tẹ́dì tí ẹ fẹ́ rán, àwòrán yẹn náà ni, aṣọ ni wọ́n kàn fi ṣe é. Ẹ má rán ẹyọ kan mọ́ kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jọ kọ ìwé: ta ló ni kí ni, èló ni yóò máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì sọ òótọ́ fún àwọn tó sanwó pé ó máa pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, ẹ fún un.

Ọmọ Ọjà:
Àti pé apá Èkó Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú wa ló ni ọdún Káyòkáyò. Àwa Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ lè dúró dè yín dọdún tó ń bọ̀ 😂

Mo Sanwó Tèmi:
Èmi ò ní kí ẹ dá a padà o, ọmọ mi ti fi ọ̀rọ̀ Ṣọ́rí dà mí láàmú. Ẹ ṣáà lọ pe ọmọ yẹn.

Ìyá Ṣọ́rí:
Mo ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì látàárọ̀, mi ò tíì gbé e.

Aránṣọ Ìtòikin, èló lẹ máa gbà láti ya ojú méjì sí i? Òwú dúdú àti funfun ni.

Lọ́yà Àdúgbò:
Ẹ gbé fóònù, ìyá.