Mo bá Màmá wá sí Delhi: ṣé kí n gba olùkọ́ yógà tó fẹ́ máa kọ́ èmi nìkan nínú ọgbà?

Ọmọ Màmá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ ṣeun fún àdúrà ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ abẹ orúnkún Màmá yọrí sí rere, wọ́n ti ní ká kúrò ní ọsibítù, ilé àlejò kan nítòsí Malviya Nagar la wà báyìí. Físíò, ẹni tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ náà, ń wá lójoojúmọ́. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà tó ní ká máa lọ sílé.

Èmi gan-an lẹ̀yìn ń ro wàyí. Oru mẹ́sàn-án ni mo fi sùn sórí àga ọsibítù, irú èyí tí wọ́n ń fà gùn kó lè dà bíi bẹ́ẹ̀dì, tí irin kan wá dábùú láàárín rẹ̀. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà fún Màmá, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi níbàdí.

Ìyá kan tó ń gbé lókè wa, ará ibí ni, ló fi olùkọ́ yógà kan mọ̀ mí. Ọkùnrin ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ní òun á máa kọ́ èmi nìkan nínú Lodhi Garden, aago mẹ́fà àárọ̀, wákàtí kan àtààbọ̀. 2,000 rúpìì lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá san ti ìgbà mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 15,000.

Ṣé owó yẹn ò pọ̀? Ṣé ó dáa kí obìnrin nìkan lọ bá ọkùnrin nínú ọgbà ní ìdájí? Kí ni màá wọ̀? Àǹtí mi ní Ìbàdàn ti gbọ́ sí i, wọ́n ní òrìṣà ni wọ́n fi ń bọ. Èyí tí mi ò lè sọ fún àǹtí ni pé ojú ń tì mí. Màmá dùbúlẹ̀ sílé, èmi fẹ́ lọ máa na ara nínú òdòdó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

15,000 kí ẹ tó rí bó ṣe ń ká ẹsẹ̀? Ẹ má san án o. Ẹ san ti ọjọ́ kan, ẹ wò ó. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá aláìsàn wá sí Delhi, mo sì mọ àga tí ẹ ń sọ yẹn dáadáa, irin àárín rẹ̀ ṣì wà lára mi. Ẹ jẹ́ kí ìtìjú yẹn lọ. Tí ẹ̀yìn yín bá ta kókó, èwo nínú yín ló máa ran èkejì lọ́wọ́ dé balùwẹ̀? Ẹ wá ẹni tó máa jókòó ti Màmá fún wákàtí méjì, ẹ fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ lọ.

Àmọ́ aago mẹ́fà kọ́. Oṣù kejì la wà yìí, oòrùn ò ní yọ ní Delhi títí di nǹkan bí aago méje. Tí ẹ bá débẹ̀ ní mẹ́fà, ẹ ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ yín, òtútù á sì mú yín débi tí eyín á máa gbá ara wọn. Ẹ ní aago méje àbọ̀ lẹ fẹ́. Lákòókò yẹn ọgbà ti kún: àwọn ìyá ń rìn kánmọ́kánmọ́, wọ́n wọ súwẹ́tà lé aṣọ Íńdíà lórí, bàtà eré ìdárayá wà lẹ́sẹ̀ wọn. Tí ẹ bá wá gbọ́ tí ogún èèyàn ń rẹ́rìn-ín kàkà lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ igi, ẹ má sá. Wèrè kọ́. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ni. Dókítà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Mumbai ní 1995, ó wá tàn ká gbogbo ọgbà Íńdíà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo di báàgì mi mú.

Ẹ wọ Metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú, láti Malviya Nagar, ọ̀nà tó ní àwọ̀ yẹ́lò. Hauz Khas, Green Park, AIIMS, INA, ẹ̀yin ti dé Jor Bagh nìyẹn. Kọ́ọ̀ṣì tó ṣíwájú pátápátá, tobìnrin nìkan ni, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Láti Jor Bagh ẹ lè fẹsẹ̀ rìn tàbí kẹ́ ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. “Auto” ni tiwọn ń jẹ́ níbí. Ọgbà náà ò gba owó ìwọlé.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò tó fẹ̀ díẹ̀ àti búbá tó bo ìdí. Ẹ mú ìborùn dání.

Ọmọ Màmá

Ẹ ṣeun mà. Mi ò tiẹ̀ ronú kan oòrùn. Lọ́kàn mi, ilẹ̀ á ti mọ́ ní aago mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí owó ná, ká sọ ti ẹ̀yìn yẹn. Mi ò lè yẹ̀ yín wò láti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹ dá mi lóhùn: ṣé ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ń kú tàbí kó máa rọ? Ṣé ìtọ̀ ṣòro láti tọ̀, tàbí ẹ ò lè mú un dúró? Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, dókítà lẹ máa lọ bá, lónìí, kì í ṣe olùkọ́ kankan. Inú ìlú tí dókítà pọ̀ lẹ kúkú wà.

Tí kò bá sí èyíkéyìí, yógà ò burú. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, fi yógà mọ́ àwọn nǹkan tí èèyàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹ̀yìn tó ti ń roni láti ọjọ́ pípẹ́, kó tó kan oògùn. Tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí náà jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ má jẹun fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún un kó tó ní kẹ́ ẹ ṣe ohunkóhun, kò sì gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ forí dúró tàbí kẹ́ ẹ sé èémí. Iṣan lè fà, ìyẹn ò burú. Tó bá ti ń gún, ẹ dá a dúró, ẹ má wo ojú ẹnì kankan.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fọwọ́ ti ẹni tí wọ́n ń kọ́, wọ́n á fi ìkúùkù tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, wọ́n á fa itan. Ẹ̀yìn tó ti ń ro ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ìwà o, ara lè fara pa. Ẹ sọ ọ́ níwájú pé ẹnu ni kó fi kọ́ yín. Ní èdè Híńdì, “haath mat lagaiye” ni: ẹ má fọwọ́ kàn mí.

Nǹkan kan tó kù ni afẹ́fẹ́ Delhi. Ìgbà òtútù ni èéfín máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ gbé áàpù SAMEER sórí fóònù yín, ìjọba tiwọn ló ni í, nọ́ńbà AQI, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó, ló máa fi hàn yín. Tó bá ti kọjá 200, ẹ ṣe é nínú ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Màmá

Kò sọ̀ sí ẹsẹ̀ o, ìbàdí nìkan ni, apá ọ̀tún. Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ṣeun gan-an.

Ìyàwó Pásítọ̀

Èmi ò ní ṣe é. Mi ò bá ẹni tó ń ṣe é jà, ẹ̀rí ọkàn mi ni ò gbà. Ẹ rìn yípo ọgbà náà ní àárọ̀, ìyẹn náà á tú ẹ̀yìn, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Òótọ́ ni, ìrìn dáa fún ẹ̀yìn. Ẹ fi èyí tó wù yín bẹ̀rẹ̀.

Alhaja Ìlọrin

Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀rù bà ọ́. Mùsùlùmí ni mí, ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣe é nítorí orúnkún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ fún olùkọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: mi ò ní pe “Om”, ọ̀rọ̀ àdúrà wọn, mi ò ní ka ọfọ̀ kankan, mi ò sì ní ṣe Surya Namaskar, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ìkíni oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, a lọ sórí òmíràn. Àwọn Mùsùlùmí Íńdíà fúnra wọn jà sí ìkíni oòrùn yẹn. Nígbà tí ìjọba wọn ṣe Ọjọ́ Yógà àgbáyé àkọ́kọ́ ní 21 oṣù kẹfà 2015, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Bí ìjọba bá lè yọ ọ́ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, olùkọ́ ẹyọ kan á lè yọ ọ́ fún ìwọ nìkan. Àǹfààní kí wọ́n kọ́ni nìkan nìyẹn. Láàárín ogún èèyàn, ojú á tì ọ́ láti sọ ọ́.

“Namaste” kò ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Dá a lóhùn.

Bàbá Òṣogbo

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ Ifá sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008, wọ́n kọ yógà síbẹ̀ ní 2016. Àwa la kọ́kọ́ débẹ̀ o! Ẹ bá mi kí àǹtí Ìbàdàn.

Arìnrìn-àjò

Màá sọ tèmi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Rishikesh ni, ní etí odò Ganga, ó tó 240 kìlómítà sí Delhi. Mo gba olùkọ́ kan, a fi àdéhùn sí iyanrìn etí odò. Nígbà tí mo dé, ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀, ká lọ sí yàrá òun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní rárá. Ó tún bẹ̀ mí, mo tún ní rárá, mo sì padà sí ilé àlejò mi. Bóyá kò ní nǹkan lọ́kàn, mi ò mọ̀, n ò sì dúró wádìí. Ibi tí ẹ bá fẹnu kò sí ni, ibẹ̀ náà ni. Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó jáde. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Íńdíà.

Lọ́jọ́ kejì mo rí olùkọ́ obìnrin, 1,500 rúpìì. Ìyẹn dáa, àfi pé odò ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ojú ni mo fi ń wò ó bí adití. Ìgbà tí mo wá dùbúlẹ̀ pé kí n sinmi, ọ̀bọ wá, ó ṣí síìpù báàgì mi bí èèyàn, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń bó o. Ẹ má gbé oúnjẹ dání.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Rishikesh fà yín lójú tí Màmá ò bá tíì lè rìn. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin níbẹ̀. Ilé àlejò tí kò bá lè fi orúkọ àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún kò ní gbà yín sùn. Èmi dé méjì tó lé mi padà, ilẹ̀ ti ṣú.

Ọmọ Màmá

Ẹ̀rín ọ̀bọ yẹn pa mí o. Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́: aago méje àbọ̀, iwájú ibojì Sikandar Lodi, ọba àtijọ́ tí wọ́n sin sínú ọgbà náà, mo máa san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn mí, kò sí “Om”. Ó dáhùn pé “OK madam”, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá jábọ̀.

Ọmọ Màmá (ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Mo ti lọ o, ẹ̀ẹ̀mejì!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá òkè jókòó ti Màmá, mo wọ kọ́ọ̀ṣì obìnrin bí ẹ ṣe ní. Olùkọ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó ti tẹ́ ẹní méjì lé ara wọn nítorí pé ìrì ti rin koríko gbingbin. Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó jọ ayékòótọ́ ń fò wọlé jáde nínú ihò ara òkúta ibojì náà, ariwo wọn ju ti ọjà lọ. Ajá kan wá, ó yí ara ká, ó sùn sí ìsàlẹ̀ ẹní mi. Mi ò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù ajá ìgboro ń bà mí, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ wo ojú mi.

Mo rò pé ó máa ní kí n ká ara bí okùn. Nǹkan mẹ́rin péré ló ní kí n ṣe. Mo dúró lórí ọwọ́ àti eékún, mo ń yọ ẹ̀yìn sókè, mo ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bí ológbò tó jí lójú oorun. Ó bi mí ní ibi tó ń ro, ó na ìka sí i láti òkèèrè, kò sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì ọgbà, kí n máa mí. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ó ń pè mí, “Madam, madam.” Mo ti sùn lọ. Mo ti ń han-run láàárín ọgbà ìlú Delhi, àwọn ẹlẹ́rìn-ín sì ń rẹ́rìn-ín lókèèrè.

2,000 rúpìì láti sùn. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gba 1,500.

Ìbàdí ṣì ń ro, kò tíì tán, àmọ́ mo wọ bàtà fún Màmá láàárọ̀ yìí láìké. Ìbéèrè kan ló kù, Màmá fúnra wọn ló ní kí n bi yín: ṣé olùkọ́ náà lè wá kọ́ wọn nínú yàrá? Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ sùn.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ bá mi kí Màmá! Orí àga ni o, èémí àti apá nìkan. Kí wọ́n má kúnlẹ̀, kí wọ́n má ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tuntun yẹn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ físíò lọ́la, kó gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ fẹ́ ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ bi í pé èló ni ti èèyàn méjì.