Ṣé ọmọ ọba ni wá, àbí ààfin la kàn ti jáde?

Àjàní Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ọba ti máa ń wù mí, mo sì rò pé nítorí pé Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí ni. Tiwa níbí, kò sí ìdílé kan tó ni adé. Mọ́gàjí agboolé ni yóò kọ́kọ́ jẹ Jagun, yóò máa gun oyè lọ títí yóò fi kan Olúbàdàn, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn. Kódà, Baálẹ̀ la ń pe olórí wa kó tó di 1936. Bí mo bá wá gbọ́ ìlú tí ọmọ ọba wà, etí mi á nà ṣánṣán. Kàlẹ́ńdà àwọn ọba tí bàbá mi bá rà, bí ọdún bá ti parí, èmi ni n ó gé àwòrán inú rẹ̀, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi.

Ẹ jí mi lóru, n ó ka àwọn Aláàfin láti orí Àtìbà títí dé ọba Owóadé tó gorí ìtẹ́ ní 2025. Mo mọ ìdí tí Kúrunmí, olórí Ìjàyè, fi kọ Adélù ọmọ Àtìbà lọ́ba: Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọkùnrin ọba, ní láti bá bàbá rẹ̀ kú láyé ọjọ́un, Àtìbà ló ní kí wọ́n má ṣe é mọ́, Kúrunmí ní òun ò gbà. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilé ìyá tèmi kò kún ọwọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá ìyá mi. Bí a bá ń jẹun lójú títì, á ní, “Ààfin la ti wá, ẹ wọlé.” Bó bá ń kì mí, á dé ibì kan, á ní, “Àjàní, ọmọ Mádàríkàn.” Bàbá àgbà tiwọn nìyẹn, wọ́n ní. Màmá ti lọ. Ìyá mi ní ọmọ ọba ni wá. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ń gbé Ọ̀yọ́ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni, á sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìdílé méjì ló ń jọba l'Ọ̀yọ́; báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ilé Agúnlóyè la ti wá tàbí ilé Alówólódù?

Ọmọ Akẹ́sán:
Àjàní, ẹ rọra. Ẹ kò tíì dé orí Agúnlóyè. Ilé Adélù nìyẹn, ti Adéyẹmí Kìíní sì ni Alówólódù. Ọmọ Àtìbà ni àwọn méjèèjì, ẹ kò sì sọ pé oríkì Màmá dárúkọ Àtìbà. Mádàríkàn ló dárúkọ.

Orúkọ ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, ni Mádàríkàn. Ọjọ́ tí ọba bá fi ènìyàn ṣe ìlàrí ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ fún un ní orí àti apá. Ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, ìlà ẹ̀yọ̀ gbọọrọ ni wọ́n ń kọ sí i lápá. Ẹ bi ìyá yín bí wọ́n bá rí nǹkan kan rí lápá Màmá.

Ààfin kún nígbà náà: ìlàrí, tẹ̀tù tó ń bẹ́ orí ọ̀daràn, arọ́kin tó ń pìtàn ọba, onílù, ìwẹ̀fà tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá (àwọn yẹn kò bímọ ní tiwọn). Ọmọ gbogbo wọn ló lè sọ pé ààfin la ti wá, kò sì ní jẹ́ irọ́.

Àjíkẹ́ Peckham:
Ọmọ Akẹ́sán, ẹ ti yára dájọ́. Ṣé ìlàrí kò lè fẹ́ ọmọ ọba ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀dọ̀ ìyá ni Àjàní ti ń tọ̀ ọ́, ta ló fẹ́ fi jọba? Ẹ jẹ́ kó máa pe ara rẹ̀ ní ohun tí Màmá pè é.

Akọ̀wé Àgbà:
Ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ní “Oyo Prof” lẹ ń wá, ìwé àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Ẹ wá ẹjọ́ oyè àti ẹjọ́ ilẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n bá ti ń jà ni wọ́n ti ń ka ìran wọn sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń jà lè bùmọ́ ọn.

Àjàní Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun. Àjíkẹ́, n kò fẹ́ jọba o, Ìbàdàn ni mí.

Ìyá mi ní Màmá kò ní ìlà kankan lápá, àbàjà ojú nìkan ni. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n wọn l'Ọ̀yọ́, mo ní, “Bàbá, ṣé ìlàrí ni Mádàríkàn?” Wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá rí irú bàbá wa tó ń bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọba, kí n má sì jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé àwọn ló sọ ọ́. Wọ́n ní kí n wá ní Iléyá.

Ká má purọ́, inú mi dùn ju ti ọmọ ọba lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ agboolé mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ ìlàrí, l'Ọ̀yọ́ tàbí níbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Mo ti ra ìwé tuntun.