Ta Ló Máa Borí Lọ́la? Ohun Tí Àwọn Awo Bọ́ọ̀lù Ìkòròdú Fi Ń Ṣírò

Àdán Ìgbógbo

Batman, akọni aláṣọ àdán inú fíìmù, ò lè fò, ìbọn sì lè pa á, síbẹ̀ ó ń na àwọn abàmì tó lágbára jù ú lọ, torí pé kó tó jáde nílé ló ti yẹ̀ wọ́n wò látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ àdán ni sísọ ẹni tó máa borí nínú bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe iṣẹ́ babaláwo inú fíìmù tó máa wo inú igbá omi, tí ojú ọ̀tá á sì yọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́fà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tábìlì líìgì tó ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ìta. Ká ní nínú líìgì náà, onílé ń gbá góòlù 1.5 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, àlejò ń gbá 1.2. Ẹgbẹ́ A ń gbá 1.8 wọlé nílé, wọ́n ń gbá 1.0 wọ àwọ̀n tiẹ̀. Ẹgbẹ́ B ń gbá 1.2 wọlé níta, wọ́n ń gbá 1.25 wọ àwọ̀n tiẹ̀.

Ẹ fi 1.5 pín 1.8, 1.2 ni. Ẹ fi 1.5 pín 1.25, ó jẹ́ 0.83. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ tún fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀: 1.5 náà ló padà jẹ́. Góòlù tí à ń retí lọ́wọ́ A nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún B, àmọ́ 1.2 ti àlejò ni kí ẹ lò dípò 1.5, ẹ ó bá 1.0.

Ibí yìí ni ìṣirò Poisson, ará Faransé nì, ti wúlò. Ẹ ṣí Google Sheets lórí fóònù, ẹ tẹ =POISSON.DIST(2,1.5,FALSE). Ó máa sọ fún yín pé 0.25 ni àǹfààní kí A gbá góòlù méjì gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá kọ TRUE dípò FALSE, á kó òdo, ọ̀kan àti méjì pa pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí wọ́n á máa pariwo pé kọ̀ǹpútà ń purọ́. Ẹ ṣe é láti 0 dé 6 fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ti A lọ sísàlẹ̀, ti B lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì sọ àpótí kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po. Àpótí tí góòlù ti dọ́gba ni ọ̀mì. Èyí tó wà lábẹ́ wọn ni ti A, èyí tó wà lókè ni ti B.

Ohun tó jáde: A borí, 49 nínú 100. Ọ̀mì, 26. B, 25. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. A ni gbogbo ilé ìwòran máa pè, síbẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, 51 ni A ò ní borí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: tí ẹgbẹ́ kan ò bá tíì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà nílé, nọ́ńbà rẹ̀ kò tíì jinná. Tí góòlù rẹpẹtẹ bá sì wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó máa da gbogbo ẹ̀ rú. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Leicester lọ na Southampton 9-0 nílé wọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2020, Southampton yìí kan náà lọ na Leicester 2-1 ní Leicester. Ẹni tó kó mẹ́sàn-án yẹn sínú ìṣirò láì dín in kù, ojú rẹ̀ rí màbo. Góòlù mẹ́rin ni kí ẹ fi ṣe òpin fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ohun tó bá lé, ẹ gé e dànù.

Rọ́bọ́ọ̀tì Agric

Ẹ̀gbọ́n Àdán, ẹ kú iṣẹ́. Àléébù kan wà níbẹ̀ tẹ́ ò sọ: Poisson rò pé góòlù A ò kan B rárá. Ẹ wo ẹgbẹ́ méjì tó wà ní 1-1 nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí pọ́ìntì kan sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹsẹ̀ á wúwo, gólì á máa dì okùn bàtà tí kò tú. Lọ́dún 1997, Mark Dixon àti Stuart Coles tún un ṣe: wọ́n bu díẹ̀ kún 0-0 àti 1-1, wọ́n yọ ọ́ lára 1-0 àti 0-1.

Fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ orílẹ̀-èdè, Elo, ìyẹn máàkì agbára tí a ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ lò, torí wọn kì í gbá tó kí nọ́ńbà ilé àti ìta pọ̀. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni Arpad Elo ṣe é fún, irú rẹ̀ ni FIFA sì ń lò fún ti ọkùnrin láti 2018. Ó dà bí agbára tó ń hàn lórí akọni inú géèmù: tẹ́ ẹ bá na ẹni tó jù yín lọ, ẹ máa gbà púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá na ọmọ jòjòló, díẹ̀ báyìí. Máàkì tuntun ni ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlọ́po 20 èsì tí a yọ ohun tí à ń retí kúrò nínú rẹ̀. Borí jẹ́ 1, ọ̀mì 0.5, ìpàdánù 0. Ẹgbẹ́ tó fi máàkì 200 ju ẹlòmíì, 0.76 la ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá pàdánù, máàkì 15 lọ. Tó bá gbá ọ̀mì, bíi 5.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí: 0.76 yẹn kì í ṣe pé ó máa borí nígbà 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì ọ̀mì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á bí ìborí lásán ti fi àdá gé ara rẹ̀.

Ìyá Àwọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣirò yín dáa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà gan-an? Àwọn mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde bíi wákàtí kan ó lé kí wọ́n tó fọn fèrè. Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà Àdán ń di ti àná.

Ẹ má kọ́kọ́ wá ẹlẹ́sẹ̀ ayò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn: gólì dà? Àwọn méjì tó wà láàárín ẹ̀yìn, ṣé wọ́n ti jọ gbá pọ̀ rí? Ẹni tó ń dá bọ́ọ̀lù dúró níwájú wọn ńkọ́? Tí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun, ẹ fi díẹ̀ kún góòlù B. Tí méjì bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sùn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ka ọjọ́: ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù Yúróòpù lálẹ́ Thursday, tó tún fẹ́ gbá lọ́sàn-án Sunday, kò pé wákàtí 72 láàárín. Ẹni tó rẹ̀ ni kí ẹ retí, tàbí ọmọ orí bẹ́ǹṣì.

Ohun kékeré tó ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ ní Sábo ni aago. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí aago padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, àwa kì í yí tiwa. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán wọn ń bá tiwa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Tó bá di oṣù Kọkànlá, aago mẹ́rin ni lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó kọ pátákó ilé ìwòran láì rántí ìyẹn, á jẹ́ kí ẹ wo orúkọ àwọn mọ́kànlá nígbà tí wọn ò tíì yan ẹnì kan. Ẹ tún ya àwòrán ojú ìwé náà sínú fóònù ní kété tó bá jáde. Iná ò ní dúró dè yín.

Ọmọ Ògólóńtò

Ilé ni àpótí tó ń gbé agbára onílé, ẹ má fojú rénà á, àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè pé ilé wo. Nígbà tí kòrónà lé èrò kúrò ní pápá, ní sáà 2020/21 ti Premier League, àlejò borí nígbà 153, onílé borí nígbà 144. Koríko kan náà, ọ̀pá kan náà. Ariwo ló dín kù, rẹfirí sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Ikorodu City ń gbá nílé, a gbọ́, ṣùgbọ́n pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni ilé ọ̀hún. Ẹni tó ń gbé Ìgbógbo tó fẹ́ lọ pariwo fún wọn, ó gbọ́dọ̀ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kọjá tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ebute. Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní gbogbo ojú rere tí à ń fún onílé tó wà láàárín ìlú rẹ̀, ẹ ti sọ ju bó ṣe rí. Ìdajì ló máa ń tọ́ sí wọn, lójú tèmi. Àlejò tiwọn sì yàtọ̀: ẹgbẹ́ tó wọ mọ́tò láti Maiduguri wá sí Èkó ti rin ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ẹ má kàn wo tábìlì. Ẹ wo ọ̀nà.

Agbára ilé lè jí òkú náà. Nínú ife Áfíríkà tó wáyé ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn onílé pàdánù 1-0 sọ́wọ́ wa, wọ́n pàdánù 4-0 sọ́wọ́ Equatorial Guinea, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ, ipò kẹta ni wọ́n fi rá wọlé. Àwọn náà ló na wa 2-1 ní àṣekágbá. Bí fíìmù Yorùbá: ẹni tí wọ́n ti sin ní apá kìíní, tó wá kan ilẹ̀kùn ní apá kejì.

Superman Ìjẹ̀dé

Ọ̀rọ̀ "ẹgbẹ́ kékeré yìí ló máa ń pa ńlá yẹn" ńkọ́? Òkúta aláwọ̀ ewé tó ń sọ Superman di ọmọ ọwọ́ wà lóòótọ́ nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ ní láti lè sọ ohun tó wà nínú òkúta náà. Tí kékeré bá ń fi ènìyàn mẹ́wàá dí ẹnu ọ̀nà, tó ní ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń sáré bí àgbọ̀nrín, tí ńlá sì máa ń kó gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síwájú, ìdí nìyẹn. Tí ẹ bá kàn rí èsì mẹ́ta láàárín ọdún márùn-ún, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti yí padà nígbà méjì, àfọ̀ṣẹ ni.

Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Ẹ wá gbọ́ ti Paul, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ti Jámánì. Ní ife àgbáyé 2010, wọ́n gbé àpótí méjì síwájú rẹ̀, àsíá méjì, oúnjẹ nínú àpótí méjèèjì. Mẹ́jọ nínú mẹ́jọ ló mú. Àmọ́ ní Yúróòpù 2008, mẹ́rin nínú mẹ́fà. Tí àpótí bá jẹ́ méjì, kí ènìyàn mú mẹ́jọ láìṣì jẹ́ ẹyọ kan nínú 256. Kó 256 irú ẹran bẹ́ẹ̀ jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan di wòlíì.

Bí àwọn tó ń ta "géèmù tó dájú" ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Wọ́n á kó 256 ènìyàn jọ. Wọ́n á fi "góòlù máa lé ní 2.5" ránṣẹ́ sí 128, wọ́n á fi "kò ní tó bẹ́ẹ̀" ránṣẹ́ sí 128 yòókù. Àwọn tó bá kùnà, wọ́n á pa wọ́n tì. 64, 32, 16. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo wà tó rí i tí wòlíì ò ṣì rí, owó ẹni yẹn ni wọ́n ń wá. Ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò: ṣé wákàtí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú fèrè? Ṣé áàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọ ọ́ sára ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti tún un kọ?

Aṣírò Ìta Ẹlẹ́wà

Tíkẹ́ẹ̀tì gígùn nìkan ni mo fẹ́ sọ. Géèmù mẹ́wàá, ọ́ọ̀dì (iye tí ilé tẹ́tẹ́ fi ń sọ owó yín di púpọ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ) 1.25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di 9.31, ojú ń dán. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ ti bu díẹ̀ jẹ, ká ní àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.76 lóòótọ́. Sọ 0.76 di ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, 0.064 ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9.31, ó ku 0.60. ₦1,000 tó wọlé ti di ₦600 kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Kì í ṣe géèmù kan ló já tíkẹ́ẹ̀tì yín. Mẹ́wàá ló jọ já a.

Bí ẹ ṣe lè rí ohun tí wọ́n bù: ọ́ọ̀dì 1.80, 3.50, 4.50. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 1, ẹ rò ó pọ̀: 0.556, 0.286, 0.222. 1.064 ni. Ohun tó lé ní 1 ni owó alága, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́.

Ẹyẹ Òru Ọ̀dọ̀gúnyàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dí tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Sunday, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀mì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ìgbá ẹsẹ̀ jẹ́ 3, ìwọlé pẹ̀lú àfikún rẹ̀ jẹ́ 7, ìdí nìyẹn tí 3 àti 7 fi pọ̀ jù nínú iye tí wọ́n fi ń ju ara wọn. Ẹnì kan ló gbé gbogbo ọkọ̀ náà: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Orúkọ àwọn tí kò ní gbá ń jáde ní ìṣẹ́jú 90 ṣáájú. Tí orúkọ ẹni náà bá wà níbẹ̀, ẹ pa ohun tí ẹ ti kọ rẹ́.

Àdán Ìgbógbo

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòran, láìná owó: kí kálukú kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ kí fèrè tó dún, àpapọ̀ rẹ̀ 100. Ẹni tó sọ A 50, ọ̀mì 25, B 25, tí B wá borí: ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 1, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí 0, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.5, 0.25 àti 0.75. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀: 0.875. Aláriwo tó sọ A 90, 5, 5, òun jẹ gbèsè 1.715. Tó bá jẹ́ A ló borí, aláriwo á jẹ 0.015 péré, onísùúrù á jẹ 0.375. Ẹ ṣe é fún ogójì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré jù ni ọ̀gá. Ẹni tó bá ju 0.667 lọ ní ìpíndọ́gba, ẹni tó kàn kọ 33 sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn jù ú. Òun ló máa ra ọ̀jọ̀jọ̀.

Ìyá Àwọ̀n

Ewùrà ni kẹ́ ẹ fi dín ọ̀jọ̀jọ̀ náà o. Bírò sì ni kẹ́ ẹ fi kọ nọ́ńbà.