“Mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́yẹ̀wò”: ìdí tí n kò fi fara mọ́ “ìmọ̀ ìfitónilétí”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú akitiyan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní information literacy, ìyẹn kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń wá ìmọ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò àti bí a ṣe ń lò ó, pàápàá bó ṣe kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹnìkan nínú wa mú “ìmọ̀ ìfitónilétí” wá. Ẹlòmíràn ní “mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ìròyìn” ló dára jù. Ẹnìkẹta ní kí a má da ara wa láàmú, pé “ìmọ̀ ìwádìí” ti tó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfitónilétí. Létí akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀rọ̀ yìí ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe: òun ni ìwé tí a fi ń jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ mọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Bí olùkọ́ bá ní “ìmọ̀ ìfitónilétí” la fẹ́ kọ́ lónìí, bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ilé ẹjọ́ jíṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: fi tó ẹni ní etí. Ẹnìkan ń sọ, ẹnìkan jókòó, ó ń gbọ́. Ìsọfúnni rí bẹ́ẹ̀, ìròyìn náà rí bẹ́ẹ̀. Etí ni gbogbo wọn fi ṣe ilé. Òfin kì í sì í wá bá akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó jókòó sí. Òun ni yóò dìde lọ wá a nínú ìwé òfin, nínú àkójọ ìdájọ́ àti nínú ìwé àwọn onímọ̀, òun náà ni yóò sì mọ èyí tó de adájọ́ àti èyí tí kò ju ìmọ̀ràn lọ. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sí ìjókòó olùgbọ́ ti ṣì í lọ́nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí sàn jù wọ́n lọ, mo gbà. Wá ìdí ni, ìdí sì ni ẹ̀mí ẹ̀kọ́ òfin. Ohun tí àwọn amòfin ń fi èdè Látìn pè ní ratio decidendi kì í ṣe nǹkan méjì, ìdí ìdájọ́ náà ni. Ẹni tí kò bá lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ kọjá kò tíì ka ẹjọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ ni ìwádìí ń dárúkọ, kò dárúkọ ìmọ̀ọ́ṣe iṣẹ́ náà. Ènìyàn lè ṣe ìwádìí fún ọjọ́ mẹ́ta kó máà mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọlọ́pàá náà sì ti gba ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ kan náà lè ní ìwádìí tiwọn àti ti agbẹjọ́rò nínú.

Tèmi rèé: mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́yẹ̀wò. Ọ̀nà tí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà gbà wáyé ni mo tẹ̀ lé. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà; ó mọ̀ ọ́n wá, ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ọmọdé tó gbọ́ èkíní á lóye èkejì láìsí olùtumọ̀.

Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí “mọ̀ọ́wá” nìkan kò tó. Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan ọbẹ̀ mọ ìgbà tó bá rí i. Ẹni tó ń wá ẹjọ́ kò mọ̀. Ní 1985, àwọn olùwádìí méjì, Blair àti Maron, tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn agbẹjọ́rò ń wá ìwé tó kan ẹjọ́ wọn nínú nǹkan bí 40,000 ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbà pé àwọn ti rí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bí ìdá 20 ni wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ èdè ló fà á, ìdí nìyí tó fi kan àwa níhìn-ín: jàǹbá ni àwọn tó ń wá a tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìwé mìíràn pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀, òmíràn ní ìṣòro. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ti ọ̀rọ̀ yíyẹ̀wò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó fi ẹjọ́ mẹ́fà tí kò sí rí láyé ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. ChatGPT ló hun wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò náà tilẹ̀ bi ẹ̀rọ yìí bóyá òótọ́ ni ẹjọ́ kan nínú wọn, ó sì ní òótọ́ ni. Wọ́n wá, wọ́n rí, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó purọ́ ni wọ́n ti béèrè bóyá irọ́ ni. Bí yẹ̀wò kò bá sí nínú orúkọ náà, a ti fi ibi tó gbẹgẹ́ jù sílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé “lílò” kò sí níbẹ̀, nígbà tí ìtumọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ṣe ní 1989 ní kí ènìyàn mọ ìgbà tó nílò ìmọ̀, kó mọ̀ ọ́n wá, kó mọ̀ ọ́n gbéyẹ̀wò, kó sì mọ̀ ọ́n lò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà náà kò dárúkọ òye, a kò sì yọ òye kúrò nínú rẹ̀.

Àbúrò ọ̀rọ̀ yìí kan kù tí a ó wá orúkọ fún: yíyẹ̀wò bóyá ìdájọ́ kan ṣì dúró. Ní 1873 ni Frank Shepard, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkójọ tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ mìíràn ti tẹ̀ lé ìdájọ́ kan tàbí ó ti fagi lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀-ìṣe, Shepardize. Àwa ní tiwa tẹ́lẹ̀: à ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tàbí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdájọ́ tó ṣì dúró lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tí wọ́n fagi lé kò ní in mọ́, wíwo ẹsẹ̀ ìdájọ́ sì ni iṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ìwẹsẹ̀” kò ṣeé ṣe, ẹsẹ̀ fífọ̀ ni etí á gbọ́. “Ìwosẹ̀ ìdájọ́” ni mo ń rò, àmọ́ ìpajẹ fáwẹ́lì ibẹ̀ kò dá mi lójú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.