Ìṣó Ló Di Ògiri Mú, Plywood Kọ́

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Oakland: Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo ra ilé mi, wọ́n ní wọ́n ti fi plywood mú ògiri ìsàlẹ̀ le nítorí ìmìtìtì ilẹ̀. Lánàá mo ṣí ògiri gáréèjì, ohun tí mo bá níbẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Ìṣó jìnnà síra, apá kan sì wà tó jẹ́ skúrù dúdú dirawọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n fi ń de pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ilé mọ́ ògiri, ni wọ́n fi dè é. Ẹ̀gbọ́n wa ní Seattle, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n óò ṣe mọ agbára tó kù nínú rẹ̀? Àbí kí n tú gbogbo rẹ̀?

Ọmọ Ìjerò, Seattle: Àbúrò, má tú nǹkan kan ná. Ṣùgbọ́n o ṣe é tó o bèèrè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wó pa èèyàn 16 nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ Northridge ní California lóṣù kìíní ọdún 1994. Bí ilẹ̀ bá mì, ilé fẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Plywood ni kì í jẹ́ kí òpó igi dagun. Plywood fúnra rẹ̀ kì í sábà fọ́. Ìṣó etí rẹ̀ ló ń tẹ̀, tó ń fà yọ, tàbí kí orí rẹ̀ gba inú pákó kọjá. Nítorí náà ìṣó ni kí o kà. Yọ mẹ́ta mẹ́rin níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọ̀n wọ́n. Oríṣi ìṣó méjì kan, 8d common àti 8d box, jọ gùn ní ínṣì 2½, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìnípọn common jẹ́ ínṣì 0.131, ti box jẹ́ 0.113. Wọn àlàfo wọn náà, létí pákó.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: 0.113 ni gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n. Ínṣì 9 sí 9. Plywood nípọn ní ínṣì 15/32, ògiri fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, òpó jẹ́ igi Douglas fir.

Ọmọ Ìjerò: Ká ní 8d common ni, ní ínṣì 6 sí 6, tábìlì àwọn ẹnjiníà ní ògiri lè gba agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó 260 pọ́ùn lórí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní ẹsẹ̀ bàtà 8, 2,080 nìyẹn. Tìrẹ, àlàfo 9 dípò 6, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló kù. Ìṣó tín-ín-rín tún gé e sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nǹkan bí 1,040 pọ́ùn ló ṣẹ́ kù, ìdajì péré. Ìfojúbù ni o, torí ìwé òfin kò tilẹ̀ ka àlàfo tó ju 6 lọ létí pákó. Ẹnjiníà ló máa buwọ́ lù ú. Skúrù dúdú yẹn, òfo ni mo ń kà á sí. Fi ẹ̀mú tẹ ọ̀kan wò.

Bàbá Káfíńtà, Adó-Èkìtì: Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ilé níbí. Ìjì ló ń ká òrùlé tiwa, ṣùgbọ́n ìṣó ni ìṣó ń jẹ́. Èyí tó yẹ̀ kúrò lára òpó máa ń tan ojú jẹ. Ẹ fi ẹnu òòlù fà á díẹ̀. Èyí tó bá bọ́ láìjà, kò sí nínú igi, ẹ má kà á. Ẹ wo orí wọn náà. Bó bá ti rì wọ pákó, pákó tó dì mú ti fẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣeun, Bàbá. Nínú 40 tí mo fà, 5 bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Orí 11 rì. Skúrù tí mo fi ẹ̀mú mú kò tíì tẹ̀ tán tó fi dá pàó. Ìṣó tí mo tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ká bí ìwọ̀ ẹja, kò dá.

Ọmọ Ìjerò: Orí tó bá rì, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lọ, a lè fojú fò ó bí wọn kò bá ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. 11 nínú 40 ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kan 8d common tuntun, 6 sí 6 létí gbogbo pákó, 12 láàárín, bí ẹni pé kò sí ìṣó níbẹ̀ rí. Jẹ́ kó fi 3/8 ínṣì jìnnà sí etí plywood, má sì kàn án sójú ìlà kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, kí òpó má baà là. Bó bá jẹ́ ìbọn ìṣó lo fẹ́ lò, dín atẹ́gùn rẹ̀ kù, kí o fi òòlù parí rẹ̀. Kí o tó palẹ̀ mọ́, wo bólùtì tó so igi ìsàlẹ̀ mọ́ kọnkéré. Bí kò bá sí, ògiri líle yẹn á yọ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀ tòun tìṣó rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Mẹ́ta ni mo rí, ọ̀kan ti dípẹtà. Mo ń ya fọ́tò rẹ̀ bọ̀.